Ó fi pèrègún sí etí ebè ẹ̀fọ́, wọ́n ní ó fẹ́ gbalẹ̀!

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé la tún gbé dé lọ́sẹ̀ yìí. Lẹ́tà tó fà á wá láti Ìdèrè, nílẹ̀ Ìbàràpá. A ò ní dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ ilé ọkọ ni. Ohun tó kọ nìyí:

“Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ìyàwó ilé ni mí ní Ìdèrè, ẹ̀lùbọ́ ni mò ń tà. Nígbà tí ọjà ò yá mọ́, mo ṣe ebè méjì sẹ́yìn yàrá mi, mo gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú síbẹ̀. Ẹ̀fọ́ yẹn la fi ń jẹun, ibẹ̀ náà ni mo ti ń rí owó ìwé àwọn ọmọ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀, àgbàrá láti ẹ̀gbẹ́ àpáta á gbá ilẹ̀ ebè náà lọ, á kó irúgbìn dànù. Ni mo bá ṣa òkúta, mo tò ó yí i ká, mo sì gbin pèrègún sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó lè lẹ́wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti fa gbogbo ẹ̀ tu. Wọ́n ní díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, pé mo fẹ́ gba ilẹ̀ bàbá wọn fún àwọn ọmọ mi. Látìgbà náà làwọn obìnrin ilé ò ti dá mi lóhùn dáadáa mọ́. Ọkọ mi ní kí n fi ebè sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn fi nǹkan yí ebè ẹ̀ ká ni? Kí ni mo lè fi ṣe é tí kò ní dájà sílẹ̀?”

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Ìdáhùn ìbéèrè yín àkọ́kọ́ kò gùn: kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ebè tí kò ní ìgbátí dà bí aṣọ tí télọ̀ ò ṣẹ́tí ẹ̀. Ẹ wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òwú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, kó tó pẹ́ gbogbo etí ẹ̀ á ti tú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ebè. Ìgbátí fúnra ẹ̀ kọ́ ló dájà sílẹ̀, ohun tẹ́ ẹ fi ṣe é ni. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

PÈRÈGÚN LẸ́NU

Nílẹ̀ Yorùbá, pèrègún kì í ṣe òdòdó lásán. Kí àwọn tó ń wọnlẹ̀ tó máa ri òpó kọnkéré mọ́lẹ̀, pèrègún làwọn bàbá wa ń gbìn sí ààlà oko. Ìdí ni pé kì í kú bọ̀rọ̀. Ẹ gé e, á rú. Iná jó igbó, á tún yọ. Bàbá á kú, ọmọ á dàgbà, pèrègún ṣì wà níbi tí wọ́n gbìn ín sí. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé kóòtù, ẹ ó gbọ́ tí ẹlẹ́rìí á máa sọ pé láti ìdí pèrègún yìí dé ìdí pèrègún tọ̀hún ni ti bàbá òun.

Ẹ wá wò ó báyìí. Ẹ̀yin rò pé ẹwà lẹ gbìn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó dàgbà sínú ẹbí onílẹ̀ wò ó, ohun tó kà níbẹ̀ ni pé: “Títí dé ibí ni tèmi.” Pèrègún ti bá yín sọ ohun tẹ́ ẹ ò ní lọ́kàn.

Àṣà míì tún wà. Ẹni tí wọ́n bá yá nílẹ̀ láti fi dáko, iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀fọ́ ló máa ń gbìn. Kì í gbin kòkó, obì tàbí ọ̀pẹ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tọrọ ààyè, torí igi tó ń pẹ́ nílẹ̀ máa ń fẹ́ sọ ẹni tó gbìn ín di onílẹ̀. Ìyẹn ló ń ba ẹ̀gbọ́n ọkọ yín lẹ́rù. Ìbẹ̀rù ọ̀hún ní orísun, ẹ má pè é ní ìkà lásán.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ọkọ náà, níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti ń kà á, ẹ jẹ́ ká bá yín sọ ọ́. Kí àgbàlagbà jí lóru lọ fa nǹkan ìyàwó ilé tu, ìyẹn ò yẹ yín. Ẹ bá ti pè é jókòó, kẹ́ ẹ sọ fún un pé, “Ìyàwó wa, òkúta ò burú, ṣùgbọ́n yọ pèrègún yìí kúrò.” Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò. Obìnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ tí ọmọ yín ń jẹ kò gbalẹ̀ lọ́wọ́ yín. Bó bá jẹ́ agbalẹ̀ lẹ̀ ń wá, mo mọ ibi tó ń gbà wọlé.

ÒJÒ GAN-AN NI AGBALẸ̀

Ẹni tó bá ti dé Ìdèrè rí mọ̀ pé ìlú àpáta ni. Bí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ lásán, ilẹ̀ á mu nínú ẹ̀. Bó bá rọ̀ sórí àpáta, àpáta ò mu nǹkan kan. Gbogbo ẹ̀ ló ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tagbáratagbára. Ohun tó sì kọ́kọ́ ń kó lọ ni ilẹ̀ dúdú òkè, èyí tí ajílẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ilẹ̀ pupa àti òkúta wẹ́wẹ́ ló máa ń ṣẹ́kù sílẹ̀. Ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i tí á rán, tí ewé ẹ̀ á pọ́n.

Nílẹ̀ Ìbàràpá, láti nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ni òjò ti ń bẹ̀rẹ̀, ó di oṣù kẹwàá kó tó máa palẹ̀ mọ́. Gbogbo àkókò yẹn ni ilẹ̀ ń lọ. Ẹ wo ìdí ògiri àwọn ilé amọ̀ àtijọ́ ní ìlú yín, ẹ ó rí bí ìpìlẹ̀ ṣe yọ síta. Ibi tí ilẹ̀ wà nígbà tí wọ́n kọ́lé kọ́ ló wà mọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ìgbátí ebè jẹ́ ọ̀nà kan tí onílé ń gbà sọ pé òun ò gbà. Nítorí náà, ẹni tó to òkúta yí ebè ká ń bá ẹbí ṣọ́ ilẹ̀ ni.

Àǹfààní kejì á yọjú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdèrè mọ iyì omi. Láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1989, àwọn oníṣẹ́ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn bá àwọn ará ìlú náà ṣiṣẹ́ láti gbógun ti sòbìyà, àrùn tí omi adágún máa ń kó bá èèyàn. Ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé kò sí sòbìyà ní Nàìjíríà mọ́. Ẹni tó ti ru omi láti ọ̀nà jíjìn kò ní fẹ́ kí korobá kan ṣàn dànù. Bí ìgbátí bá ga ju ilẹ̀ ebè lọ ní íǹṣì 2, omi tẹ́ ẹ bá bù síbẹ̀ á dúró, á rọra wọ ìdí ẹ̀fọ́. Bí kò bá sí ìgbátí, ìdajì á ti ṣàn sójú ọ̀nà kẹ́ ẹ tó gbé korobá sílẹ̀.

KẸ́ Ẹ TÓ GBÉ ÒKÚTA KAN ṢOṢO

Ẹ fa pèrègún tó bá ṣẹ́kù tu fúnra yín, ní ojúmọmọ, kí gbogbo ilé rí i. Ẹ̀yin àti bàbá àwọn ọmọ ni kẹ́ ẹ jọ lọ bá olórí ẹbí. Ẹ má dá lọ, kó má di pé wọ́n ní ìyàwó ló ń bá ẹbí du ilẹ̀. Ẹ bá ìyáálé ilé sọ ọ́ ṣáájú, torí ẹnu ẹ̀ làwọn obìnrin ilé ń wò. Ohun tẹ́ ẹ máa sọ kò pọ̀: “Ẹ̀fọ́ la fẹ́ gbìn, a ò gbin igi. Òkúta lásán la fẹ́ fi yí i ká kí àgbàrá má gbé ilẹ̀. Ọjọ́ tí ẹbí bá fẹ́ lo ibẹ̀, a ó kó o kúrò.” Lẹ́yìn náà, nígbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ já ẹ̀fọ́, kẹ́ ẹ di kan fún ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ gbé e fún wọn. Èmi ò sọ pé kẹ́ ẹ gbà pé ẹ jẹ̀bi o. Èèyàn tó bá ti jẹ nínú ebè kan kì í yá a lára láti tún fà á tu.

OHUN TÓ WÀ LẸ́YÌNKÙLÉ NÁÀ LẸ MÁA LÒ

Ẹ jẹ́ ká fi ebè kan ṣe ìwọ̀n. Kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹ má jẹ́ kó fẹ̀ ju 4 lọ, kí ọwọ́ yín lè dé àárín láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìtẹ ilẹ̀ ebè mọ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ebè yìí pọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 26 ni.

Òkúta: Ní Ìdèrè, òun ló dáa jù. Ọ̀fẹ́ ni, kì í jẹrà, ikán ò lè jẹ ẹ́, àgbàrá tó lágbára ò sì tètè gbé e. Ẹ ṣa àwọn tó tóbi tó orí ọmọdé, tó ní ojú kan tó tẹ́. Ẹ ṣa èyí tó ti fọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ má lọ dáná sun àpáta tàbí kẹ́ ẹ wọ ibi tí ìlú ń bọ.

Àpáàdì: Ìkòkò àti àmù tó ti fọ́, ẹ má dà wọ́n nù. Ẹ má fojú kéré àpáàdì o, ó ti ṣe ohun ẹ̀yẹ rí ní Ilé-Ifẹ̀. Ìtàn sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà àti àgbàlá ìlú. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú púpọ̀ nínú ẹ̀ jáde, wọ́n sì fojú bù ú pé láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400 ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọn ò tẹ́ àpáàdì ọ̀hún pẹlẹbẹ. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń dúró, ọ̀kan fara ti ọ̀kan, ìdí nìyẹn tó fi le tí ẹsẹ̀ ò fi lè fọ́ ọ. Níbòmíì, wọ́n á to òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín ìlà àpáàdì, á wá dà bí iṣẹ́ ọnà ara aṣọ. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí etí ebè. Ibi tó mú kó wọlẹ̀, ibi tó yíká kó wà lókè, kẹ́ ẹ tò wọ́n kó há mọ́ra.

Ìgò: Ìgò bíà àti ti mínírà máa ń rẹwà gan-an, pàápàá bí oòrùn bá ń tàn sí i lára. Orí ìgò ló ń wọlẹ̀, ìdí ẹ̀ ló ń wà lókè. Bẹ́ ẹ bá fi ẹnu ẹ̀ sókè, omi á dúró síbẹ̀, ẹ̀fọn á sì fi ṣe ilé. Ẹ ri ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgò bíà ńlá fẹ̀ tó nǹkan bí íǹṣì 3, nítorí náà ebè tí mo wí yìí á gba bíi 104. Ẹni tó ń tajà oúnjẹ lè kó o jọ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, tàbí bó jẹ́ ọkọ́ lẹ fi ń tu ebè tipátipá, ẹ fi ìgò sílẹ̀. Ìgò tó fọ́ sínú ilẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ ló máa wá a rí.

Búlọ́ọ̀kù: Búlọ́ọ̀kù kan gùn ní íǹṣì 18. Ẹ máa nílò 18. Ẹ bá bíríkìlà sọ ọ́, èyí tó bá ti sán tàbí tó ti ṣẹ́ létí nídìí ilé tí wọ́n ń kọ́ lè má wọ́n yín. Ẹ kàn tò ó ni, ẹ má lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ewéko: Èyí ni fún ẹni tó fẹ́ kí ìgbátí òun tún máa pawó. Koríko ọba tí à ń sè bíi tíì dáa púpọ̀. Gbòǹgbò ẹ̀ máa ń di ilẹ̀ mú bí ọwọ́. Ẹ ya ìdí ẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ẹ gbìn ín ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ìdí 26 ti tó. Ẹfinrin náà dáa, òórùn ẹ̀ dùn, ọjà sì ń rà á. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ṣeé gbìn sí ìsàlẹ̀ ibi tí ilẹ̀ dà sí, torí ewé ẹ̀ ní ẹ̀gún, ewúrẹ́ kì í fẹ́ràn ẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ṣeé hú kúrò, wọn ò sì sọ pé “ààlà”. Ní ti lápálàpá tí àwọn èèyàn fi ń ṣọgbà, ẹ má gbìn ín sí etí ẹ̀fọ́ nílé tí ọmọdé wà. Májèlé ni èso ẹ̀, ọmọ tó bá jẹ ẹ́ á bì, inú á sì run ún.

Pákó àti ọparun: Wọ́n rẹwà, ó sì rọrùn fún káfíńtà láti ṣe. Àmọ́ ikán ilẹ̀ wa ò ní jẹ́ kó pẹ́. Bẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ ó máa pààrọ̀ ẹ̀ lóòrèkóòrè, kò burú.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ti òkúta ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ti búlọ́ọ̀kù àti àpáàdì.

Èkíní, ẹ kúrò lára ògiri. Ó kéré tán, kí ẹsẹ̀ bàtà 3 wà láàárín ebè àti ògiri ilé, pàápàá ilé amọ̀. Omi tẹ́ ẹ ń bù sí ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́ á wọ ìpìlẹ̀ bó bá sún mọ́ ọn jù.

Èkejì, ẹ wo ibi tí ilẹ̀ dà sí. Ẹ da omi korobá kan sílẹ̀, ẹ wo ọ̀nà tó gbà. Kí gígùn ebè dábùú ọ̀nà omi yẹn. Bí gígùn ẹ̀ bá bá omi lọ, ẹ ti la títì fún àgbàrá nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, ẹ kan èèkàn sí igun mẹ́rin, ẹ na okùn láàárín wọn kó le dáadáa. Okùn yìí ló ń fún iṣẹ́ ní ẹwà. Ojú èèyàn kì í tó láti mọ ohun tó gún. Bí bíríkìlà tó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún ò ju okùn nù, ẹ̀yin náà ẹ má jù ú nù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi ọkọ́ wa ilẹ̀ tẹ̀lé okùn, kó jìn tó íǹṣì 4 sí 6. Ìdá kan nínú mẹ́ta òkúta gbọ́dọ̀ wọlẹ̀. Òkúta tẹ́ ẹ kàn gbé lé ilẹ̀, òjò àkọ́kọ́ á rà ìdí ẹ̀, á sì yí lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ dà sí. Òkúta tó tóbi jù ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀. Ẹ kọ ojú tó tẹ́ síta, kẹ́ ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn díẹ̀ sínú ebè, bí ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri. Bí ilẹ̀ bá tì í látinú, kò ní ṣubú síta.

Ẹ̀kẹfà, ẹ fi òkúta kéékèèké dí àlàfo, ẹ kó ilẹ̀ sí i, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òkè ẹ̀ dọ́gba, ẹ bu omi sínú ìgò tó mọ́ gaara, ẹ má jẹ́ kó kún tán, ẹ dé e. Ẹ gbé pákó tó gún lé orí òkúta, ẹ wá dùbúlẹ̀ ìgò náà sórí ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ bá dúró láàárín, ó dọ́gba.

Èkeje, ní òkè ebè, ibi tí omi ti ń bọ̀, ẹ la gọ́tà kékeré kan tí á gba àgbàrá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má darí ẹ̀ sí ìdí ògiri aládùúgbò o. Ìjà ilẹ̀ lẹ fẹ́ parí, ẹ má tún lọ dá ìjà omi sílẹ̀. Ẹ wá ibi tí koríko wà, ẹ jẹ́ kó gbabẹ̀ lọ.

Kí ilẹ̀ inú ebè fi íǹṣì 2 relẹ̀ sí ìgbátí. Lẹ́yìn òjò tó bá kọ́kọ́ rọ̀, ẹ jáde lọ wò ó. Ibi tí omi bá ti yọ́ gbà, ẹ tún un ṣe kíá.

Ó YẸ KÓ DÙN ÚN WÒ

Ẹlòmíì á ní, ẹ̀fọ́ kẹ̀, kí lẹ̀ ń ṣe é lẹ́wà fún? Ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Ebè tó rí jákujàku, gbogbo èèyàn á máa gba orí ẹ̀ kọjá, ọmọ á máa da pàǹtírí síbẹ̀. Èyí tó mọ́ tó sì lẹ́wà, àwọn èèyàn á yà fún un. Ẹwà ń ṣọ́gbà lọ́nà tirẹ̀.

Ẹ má da òkúta, ìgò àti búlọ́ọ̀kù pọ̀ mọ́ etí ebè kan. Ẹ yan ọ̀kan, kó sì jọra ní títóbi. Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀, ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń kun òkúta etí ọ̀nà ní ọ̀dà funfun ní bárékè àti ní àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ẹ lè kun ọ̀kan ní funfun, kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ojú tó kọ síta nìkan ni kẹ́ ẹ kùn, kí ọ̀dà má kan ilẹ̀ ẹ̀fọ́. Ẹni tí kò lówó ọ̀dà lè fi ẹfun pò mọ́ omi. Òjò á fọ̀ ọ́ lọ, àmọ́ kò náni ní nǹkan púpọ̀ láti tún un kùn nígbà ọdún.

OHUN TẸ́ Ẹ Ò GBỌDỌ̀ FI ṢE É

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀ báyìí, torí ṣọ́ọ̀bù yín ni àwọn èèyàn ti máa ń tọrọ nǹkan.

Àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ìyẹn páálí òrùlé àti sílíìnì àtijọ́ tó le gbagidi, ẹ má gé e, ẹ má fọ́ ọ láti fi yí ebè ká. Eruku ẹ̀ tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró lè fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò sí irú ẹ̀ kankan tí kì í fà á.

Páálí bátìrì mọ́tò tó ti kú, ẹ má gbé e sún mọ́ ohun tí à ń jẹ. Òjé wà lára ẹ̀, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú tí àwọn káfíńtà fi ń kun pákó nítorí ikán, ẹ má lò ó létí ẹ̀fọ́. Òjò á fọ̀ ọ́ sínú ilẹ̀.

Táyà mọ́tò ṣeé lò fún òdòdó, bẹ́ ẹ bá gé e tàbí tẹ́ ẹ lu ú kí omi má dúró sínú ẹ̀. Fún ẹ̀fọ́ jíjẹ, òkúta dáa jù ú lọ. Páànù àlòkù tó ti dípẹtà, etí ẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin.

ÌDÁHÙN ṢÓKÍ SÍ ÀWỌN TÓ TÚN BÉÈRÈ

Ìyá kan ní Ẹ̀rúwà fẹ́ mọ̀ bóyá ejò ò ní fi àárín òkúta ṣe ilé. Ìyá, òkúta tí wọ́n kàn kó jọ gègèrè ni ejò fẹ́ràn. Bẹ́ ẹ bá tò ó tó há mọ́ra, tẹ́ ẹ sì fi ilẹ̀ dí àlàfo ẹ̀, kò ní rí ibi wọ̀. Ẹ máa ro koríko ìdí ẹ̀ lóòrèkóòrè.

Bíríkìlà kan ní Igbó-Ọrà bi wá bóyá kí òun fi sìmẹ́ńtì lẹ òkúta pọ̀ fún oníbàárà òun. Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ bi oníbàárà yín pé ta ló ni ilẹ̀. Bó bá jẹ́ tirẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ fi ihò sílẹ̀ nísàlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta mẹ́ta kí omi lè rí ibi jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò ẹ̀fọ́ á rà. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹ tò ó lásán. Sìmẹ́ńtì náà lẹ́nu bíi ti pèrègún.

Ẹnì kan ní Láńlátẹ̀ ní òun ti fi ìgò yí ebè ká, síbẹ̀ ewúrẹ́ jẹ gbogbo ẹ̀fọ́ òun. Ẹ má bínú, ìgbátí kì í ṣe ọgbà. Ilẹ̀ ló ń dá dúró, kò lè dá ewúrẹ́ dúró. Ẹ ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀ yí ibẹ̀ ká, ẹ fi okùn tàbí àwọ̀n àlòkù so ó, kó ga tó àyà èèyàn.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́ àti eérú ìdáná ṣe lè di ajílẹ̀, kẹ́ ẹ má bàa máa ra ti inú àpò. Ẹni tó bá ní ìbéèrè kó kọ̀wé sí wa. Ẹ kọ orúkọ ìlú yín sí i, kẹ́ ẹ sì jẹ́ ká mọ̀ bí ilẹ̀ yín ṣe rí, bóyá yanrìn ni, amọ̀ ni, tàbí òkúta.

Ó dàbọ̀ o. Kí òjò ọdún yìí bá wa lára mu, kó má sì kó ilẹ̀ wa lọ.